Ẹ̀rọ Búrẹ́dì Gúnrégé

Ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, Gúnrégé ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe ẹwà ló fún un lórúkọ náà. Aṣọ tó bá ti bọ́ sábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ló máa ń gún régé, débi pé àlejò á fẹ́ sùn, á kọ́kọ́ máa wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà bíi pé kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aṣọ ọ̀hún ṣe rí ni ìwà rẹ̀ náà rí. Tó bá ti pinnu nǹkan, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Ẹ wá àga, kí ẹ jókòó, kí ẹ máa wò ó níran.

Ohun tó pinnu lọ́dún tí à ń sọ yìí ni pé òun ò ní kó kúrò nínú ilé òun.

Ilé náà kì í kúkú ṣe ti wọn, owó ni wọ́n fi ń gbé e. Yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, pẹ̀lú ilé ìdáná tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá jọ wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ di èémí mú kí èkejì tó lè mí. Òun, ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀. Pẹ́ńtà ni ọkọ rẹ̀, ilé onílé ló ń kùn lọ́dà. Àmọ́ látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè gun àkàsọ̀ mọ́, ta ló sì fẹ́ gbé iṣẹ́ fún pẹ́ńtà tó jẹ́ pé ìdajì ògiri lọ́wọ́ rẹ̀ lè dé? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí onílé fi fowó kún owó ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá méjì ṣófo lẹ́yìnkùlé òun," ni ọkọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan, kò wo ojú rẹ̀. "Ó ní ká wá máa gbébẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọ̀fẹ́! Gúnrégé mọ ọ̀fẹ́ ilé yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í bú èèyàn, kì í pariwo. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ló máa ń so mọ́ ìdí, a sì máa ka ẹnu tó ń jẹun. Nígbà tí Gúnrégé wà nínú oyún àkọ́bí, tí ebi bá ń pa á, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè mú díẹ̀?" Obìnrin náà á wò ó títí, á wá máa tú kọ́kọ́rọ́ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú aṣọ kúrò lójú egbò.

"Mi ò lọ," ló dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

"Ó dáa. Fi ibi tí owó máa ti wá hàn mí."

"Màá fi hàn yín."

Ó wo ilé yíká. Owó iléèwé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Aṣọ, wọn ò rà á mọ́. Ó wá kù búrẹ́dì. Láàárọ̀ búrẹ́dì, táwọn ọmọ bá ti iléèwé dé búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ sì ni búrẹ́dì tí wọ́n ń tà ládùúgbò ń rù sí i lójoojúmọ́, tí owó rẹ̀ ń sanra. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, tó máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì, ló sọ fún un pé ẹ̀rọ ni àwọn fi ń ṣe búrẹ́dì àwọn nílé, àpò ìyẹ̀fun kan sì ń bọ́ ilé títí oṣù fi ń parí. Ká fọwọ́ pò ó? Lẹ́yìn kéèyàn ti lọ aṣọ látàárọ̀, apá wo ló kù? Ẹ̀rọ náà ló kù.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ fi ọ̀kan hàn án tó ní fèrèsé, tó ní iná nínú, tí bọ́tìnnì ara rẹ̀ pọ̀ bí ti ẹ̀wù ọmọ ogun.

"Màámi, èyí tún lè ṣe jáàmù."

"Ṣé ó lè san owó ilé?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, Gúnrégé ò rẹ́rìn-ín. Iye tó wà lára rẹ̀ tó owó ilé ní tòótọ́. Ó dúpẹ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò àlòkù.

Mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Gúnrégé fa ìgò omi yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sórí tábìlì, ó gbé agbada inú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lé e, ó sì da omi sí i.

"Ẹ̀yin ìyá yìí! Ẹ̀ ń ba ọjà mi jẹ́!"

"Mi ò bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ni mò ń bi í."

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti rí ikú ẹ̀rọ ìfọṣọ tó pọ̀, ìsàlẹ̀ ni ikú sì máa ń gbà wọlé. Rọ́bà tó wà nídìí irin tó ń yí á gbó, omi á jò sínú ẹ̀rọ, ó parí. Èyí tó lẹ́wà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, áńkáṣíìfù abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin. Ìkejì ò jò, ṣùgbọ́n irin kékeré tó máa po ìyẹ̀fun ti sọ nù. Ìkẹta burẹ́wà bí ìbínú: ó ti pọ́n lára, wáyà ni wọ́n fi so ọwọ́ ìdérí rẹ̀, bọ́tìnnì kan péré ló ní. Áńkáṣíìfù gbẹ. Ó ní kí wọ́n fi iná sí i, ó gbọ́ bó ṣe ń yí, kò pariwo, kò sì wúkọ́. Wọ́n ná an títí ọlọ́jà fi búra pé èrè ti tán lára rẹ̀, ó sì gbé e relé.

Ẹ wá wo wàhálà. Búrẹ́dì náà dára jù!

Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán gba orí àkàsọ̀ dé títì. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó fi ọwọ́ ya á. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í jẹ ju bíbù kan lọ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tà fúnra rẹ̀. Oníbàtà ìsàlẹ̀ gòkè wá, ó ní òun wá wò ó bóyá bàtà ẹnì kankan já. Ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ wá ṣe iṣẹ́ iléèwé, iṣẹ́ iléèwé ò sì tán. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́! Búrẹ́dì kan á tán gbígbóná, wọ́n á tún fi òmíràn sí i. Àpò ìyẹ̀fun tó yẹ kó gbé wọn dópin oṣù, kò rí ìdajì oṣù. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Ọkọ rẹ̀ ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún. Ó kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù níta: "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa gbá yàrá náà sílẹ̀."

Gúnrégé jókòó sí ilé ìdáná, ó wo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀. Gbígbóná búrẹ́dì ló ń pa wọ́n. Búrẹ́dì tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀, tútù ló ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń sáré pàdé rẹ̀. Ó fi àáké kọ́rí: láti ọjọ́ yẹn lọ, búrẹ́dì òní, ọ̀la ni wọn ó jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má bàa dán an wò, ó ra àgádágodo sí ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìgbànú.

Ó ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ń kùn, oníbàtà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ò yára tán mọ́. Inú Gúnrégé dùn sí ara rẹ̀. Tó bá ń rìn, kọ́kọ́rọ́ á máa dún wọnran wọnran, kò sì gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó tibi iṣẹ́ dé, ó ń palẹ̀ ilé ìdáná mọ́ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú díẹ̀?"

Ọwọ́ Gúnrégé dúró. Ojú tì í, ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ àgádágodo kúrò pátápátá, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí. Irú nǹkan tí mo ń sá fún ni mo wá ń ṣe."

"O ń sá fún kí ni?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ní ká kó lọ, bí owó ilé ò bá pé."

Ìyá náà fa àga, ó jókòó. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ níkùn rẹ̀.

"O rò pé afẹ́fẹ́ orí òkè yìí ló wù mí tí mo fi wá bá yín? Àkọ́bí mi ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé ilé yẹn, mi ò jẹun yó rí. Èmi tí mo bí onílé! Ẹ wá fẹ́ dá mi padà, ẹ ò sọ fún mi?"

"A ò fẹ́ kí ẹ ronú ni, mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n mọ̀?"

Wọn ò mọ̀. Àgádágodo ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gúnrégé gbé búrẹ́dì gbígbóná sí àárín tábìlì, ó pe gbogbo ilé jọ, ó sì sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí: owó ilé, ẹ̀yìn bàbá wọn, yàrá ẹ̀yìnkùlé.

"Nítorí búrẹ́dì?" àkọ́bí béèrè.

"Nítorí owó. Búrẹ́dì ni mo rí tí mo lè mú."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Àbíkẹ́yìn kàn gbé itọ́ mì, ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín, títí kan bàbá wọn tí kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbangba ni búrẹ́dì ń tutù sí, lábẹ́ aṣọ funfun kan tí Gúnrégé lọ̀ dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ á jókòó tì í, kì í ṣe láti ṣọ́ ọ, ó ní òórùn rẹ̀ ń tó òun jẹ. Tí oníbàtà bá yọrí, màmá á ní, "Bàtà kankan ò já lónìí, ọmọ mi." Àwọn ọmọ ń ṣọ́ ara wọn ju àgádágodo lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bá eteetí búrẹ́dì tó ti ya. Wọ́n wádìí, wọ́n wádìí, bàbá wọn ni. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dá a lẹ́jọ́.

Ká má purọ́, owó búrẹ́dì nìkan kò dí àlàfo náà tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń jà báyìí, ojú á ti í láti ká ọwọ́ gbera. Ó bẹ oníbàtà fún igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀kùn, àga àti tábìlì kùn, àwọn ohun tí kò béèrè àkàsọ̀. Nígbà tí onílé dé, wọ́n kó owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pé.

Lọ́jọ́ náà ni ọkọ Gúnrégé pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ fún ẹlòmíì ní yàrá náà. A ò wá mọ́."

Kó tó pa fóònù, ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ gbà á. Ó kí àkọ́bí rẹ̀, ó súre fún un, ó béèrè ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bá mi kí ìyàwó rẹ," ó ní. "Sọ fún un pé mo yó."