Ìmọ̀ràn Tàjúdéènì fún Àna Tó Ń Bọ̀

Bí àlejò bá ń bọ̀ wá sábúlé wa lẹ́yìn Ayépé, Tàjúdéènì ló máa kọ́kọ́ gba fóònù. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ dírẹ́bà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. "Ẹ rọra o! Ẹ fun fèrè ní kọ́nà. Ẹ má torí ewúrẹ́ já sí gọ́tà. Bí ẹ bá rí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà, kòtò ń bẹ níbẹ̀. Omi tẹ́ ẹ ò bá mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́!"

Ní Sátidé yìí, àlejò ńlá ni. Yéjídé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń mú Abdulazeez tó fẹ́ fẹ́ ẹ bọ̀ láti Èkó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rí. Tàjúdéènì ka ìmọ̀ràn náà fún un lórí fóònù títí ó fi há a sórí. Ó ní tóun bá fojú kan án lòun á tó mọ̀ bóyá òun á fọmọ fún un.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀sán pọ́n, wọn ò dé, ìkọ́kọrẹ́ tí Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀ sè ti tutù. Ni Yéjídé bá pè: omi ti bo ọ̀nà, imọ̀ ọ̀pẹ wà láàárín rẹ̀, Abdulazeez ní òun ò ní wọ̀ ọ́.

"Omi òjò lásánlàsàn!" Inú bí Tàjúdéènì. "Ojo ló fẹ́ gbé ọmọ mi lọ? Kò jọ ọ́!"

"Bàbá Yéjídé, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kó má wọ̀ ọ́."

"Àlejò ni mo sọ ọ́ fún! Ẹni tó fẹ́ di àna kì í ṣe àlejò mọ́."

Ó kó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó, ó di ìdí omi. Ní òdìkejì, Abdulazeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ o!" Tàjúdéènì tẹná mọ́ ọkọ̀, ó gun imọ̀ ọ̀pẹ náà mọ́lẹ̀. Gbàgà! Imú ọkọ̀ rì, ẹ́ńjìnnì kú, omi dé orúnkún rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Abdulazeez ká ṣòkòtò, ó mú igi, ó ń fi tọ́ ìsàlẹ̀ omi kó tó gbẹ́sẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Yéjídé ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ojú ti Tàjúdéènì débi pé kò lè wo ọmọ rẹ̀. Ó kàn di ọrùn ọmọkùnrin náà mú.

"Abdulazeez."

"Sà."

"Má yára o. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fún ẹ."