Àgádágodo Tí Òfin Ń Pọ̀n

Bàbá mi nìkan ló ń rọ àgádágodo ládùúgbò wa. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n rọ ju gbogbo ayé lọ. Ìjọba ló fi òfin bu owó ibodè lé ti òkè òkun, débi pé ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan, àfi kó kọ́kọ́ ta ohun tó fẹ́ tì mọ́lé.

Ara àgádágodo bàbá mi le, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí mẹ́ta, mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ṣílẹ̀kùn wa wọlé, ó rò pé ilé òun ni. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti ń bèèrè oúnjẹ, kó tó rí i pé ìyàwó oníyàwó lòun ń pàṣẹ fún. Bàbá mi ò tiẹ̀ tijú. Ó ní àwọn tó bá fọkàn tán ara wọn, kí ni wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí?

Lọ́dún tó kọjá, òfin náà fẹ́ parí, wọ́n sì rán obìnrin òṣìṣẹ́ ibodè kan wá wò ó bóyá kí wọ́n fi ọdún kún un. Mo wá láti ilé ọkọ mi lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí òfin bá lọ, ta ni yóò ra ti bàbá mi? Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Bàbá mi gbé àga fún àlejò, ó fi ohùn aláàánú bẹ̀rẹ̀.

"Màdáámú, ọmọ ọwọ́ niṣẹ́ wa yìí. Àgbà làwọn ará òkè òkun. Ẹ ò ní sọ ọmọ ọwọ́ kalẹ̀ kó lọ bá àgbà jìjàkadì. Ẹ bá wa pọ̀n ọ́n díẹ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bèèrè ìgbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ń wo àjà. Ìyá mi tó ń gbé omi bọ̀ ló dáhùn, kò sì ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kéde ẹ̀ gan-an ni mo bí èyí."

Èmi ló nawọ́ sí. Obìnrin náà wò mí, ó wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn mi, ó tún wo èkejì tó di aṣọ mi mú. Ó rọra dé bírò rẹ̀.

"Bàbá, ọdún kan péré ni mo máa bá yín kọ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti tó rìn."

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi kọjú sí ìyá mi, inú ń bí i.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ò lè sọ pé o ò rántí ni?"

"Ẹ dákun, èmi ni mo rọbí."

Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó dàgbà láìgbàṣẹ, ó sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù lọ ṣiṣẹ́.