Àlọ́ Ọ̀sán Gangan

"Ààlọ́ o!"

Ọ̀sán gangan ni o. Oòrùn ń jó páànù ilé wa ní Ketu, òórùn dóńgóyárò tó ń hó lórí iná gba gbogbo ilé kan. Ìyá bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n fi ìborùn bo imú, wọ́n ń pàlọ́. Mọ́mì mi ló wà nínú yàrá náà. Kòrónà ti dá wọn dúbúlẹ̀, dókítà sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n.

Àyà mi já. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, gbogbo àwa ọmọ àdúgbò la sì gbà pé ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ò tíì ṣú!"

"Ta ló sọ fún ẹ? Títì Ketu dákẹ́, kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì kankan ò pariwo, kónílé-ó-gbélé. Òru wo ló tún jù báyìí lọ?" Wọ́n tún gbóhùn sókè: "Ààlọ́ o!"

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ààlọ̀."

Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìyá àgbà á dá orin Ìjàpá, èmi àti Mọ́mì á máa gbè é, ikọ́ á sì máa já orin mọ́ Mọ́mì lẹ́nu. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń dá lára yá. Rárá o! Etí wọn ò kúrò lára ilẹ̀kùn; ègbè yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ bí Mọ́mì ṣe ń mí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ké "Ààlọ́ o," kò sí èsì. Wọ́n tún ké e. Mo bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ò dákẹ́.

"Ní ìlú kan," ni wọ́n wí, "Ìjàpá wà níbẹ̀. Olóòótọ́ ni. Kò jalè rí láyé ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá.

"Irọ́ ni, Màmá! Ẹ má parọ́ fún ọmọ yẹn. Olè ni!"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹni tó ṣì ń bá Ìjàpá fa ọ̀rọ̀," wọ́n ní, "kò tíì ṣe tán àtilọ."

Ìyá àgbà ti lọ sinmi báyìí, mo sì ń ṣàárò wọn gan-an. Yunifásítì lèmi wà. Tí mo bá pe Mọ́mì lórí fóònù ní ìsọ̀ tòmátò wọn ní Mile 12, mi ò kì í béèrè bóyá ara le. Ta ni ò lè fi ìyẹn parọ́? "Ààlọ́ o!" ni mo máa ń ké.

"Ṣé orí ẹ pé? Kọ́sítọ́mà wà níwájú mi!"

Mo máa ń dúró títí wọ́n á fi dáhùn pé, "Ààlọ̀."