Ẹnì Kan Ń Purọ́ Nínú Ọkọ̀ Yìí

Ọkọ̀ ojú omi náà kò tíì jìnnà sí èbúté tó fi tẹ̀ sápá òsì. Kò tẹ̀ púpọ̀ o. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ Màmá Sún-Síbẹ̀ fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbàgà, ó ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹnì kan ń purọ́ nínú ọkọ̀ yìí!"

Obìnrin kan tó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ilé ìwòsàn lòun ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi.

"Èmi ni mo to èrò yìí," ni Màmá wí. "Mo mọ ohun tí mo tò. Rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́ta ni mo gbé sí ọwọ́ ọ̀tún àárín. Ọ̀kan nínú wọn ò wúwo tó bó ṣe rí!"

Ó dìde, ó lọ bá ọkùnrin kan tó fa fìlà bojú, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Ó ti ìka bọ ikùn náà. Ìka wọlé, ikùn ò sì padà síta. Ló bá tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì kan jáde. Èkejì jáde. Lẹ́yìn náà, ìrọ̀rí ọmọdé, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Nígbà tí Màmá fi máa parí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló ṣẹ́ kù sínú ẹ̀wù. Aláago ni, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe lódìkejì odò, tó ti ń tọrọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí láti ọdún méjì.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Aláago wí.

Ẹ má bi mí bó ṣe wọlé tí Màmá ò dá a mọ̀. Màmá kì í wo ojú èèyàn. Ara ló ń wò. Odidi ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà nídìí iṣẹ́ kó máa to èrò sínú ọkọ̀ yẹn, kí ọkọ̀ má bàa fì. Ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ jù lọ, "ẹ sún síbẹ̀," ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ti Màmá, oríṣi èèyàn mẹ́ta péré ni Ọlọ́run dá. Àwọn rọ̀bọ̀tọ̀ ni ara wọn kún: wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ, wọ́n fẹ́ràn èèyàn, tó o bá ṣẹ̀ wọ́n láàárọ̀, wọ́n á ti gbàgbé tó bá fi máa dọ̀sán. Àárín ọkọ̀ ni tiwọn. Àwọn gìrìpá ni iṣan wọn le: àṣẹ pípa ni iṣẹ́ wọn, wọn ò lè wọ ọkọ̀ kí wọ́n má bá awakọ̀ wà á. Ó máa ń gbé ọ̀kan síwájú, á gbé èkejì sẹ́yìn pátápátá. Àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá ńkọ́? Áà, ìrònú ló jẹ wọ́n lẹ́ran tán. Etí ọkọ̀ ló ń kó wọn sí, kò sì jẹ́ kí méjì jókòó ti ara wọn láé. Ó ní ọ̀kan á béèrè bóyá ọkọ̀ ń jò, èkejì á ní òun náà ti ń rò ó, kí wọ́n sì tó dé àárín odò, wọ́n á ti ṣàlàyé ikú gbogbo èrò tán.

Òun fúnra rẹ̀, rọ̀bọ̀tọ̀ gidi ni. Tó bá rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n.

Dókítà kan, géńdé tó ní àyà fífẹ̀, gbìyànjú láti là á lọ́yẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìrísí ara kì í sọ ìwà èèyàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mò ń sọ fún yín pé..."

"Gìrìpá ni yín. Gbogbo wa la jókòó, ẹ̀yin nìkan lẹ dìde kẹ́ ẹ tó lè sọ ọ́."

Dókítà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lóòótọ́ ló dúró. Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ìgbà tí ti alárù kan wá ṣẹlẹ̀, gbogbo èrò rò pé ọwọ́ ti tẹ Màmá. Alárù yìí lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì díẹ̀ báyìí ló dé, ló bá di ọwọ́ ìyá arúgbó kan mú, ló ń ké pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, gìrìpá yín rèé o!" ni àwọn èrò wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún yín pé gìrìpá ni?" ni Màmá dáhùn. "Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Aṣọ gìrìpá ló yá wọ̀."

Ta ló máa bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jiyàn? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ló máa ń gbé alárù náà sí, á di ọwọ́ rẹ̀ mú títí dé òdìkejì. Ẹni tó bá dán an wò kó rẹ́rìn-ín, ojú burúkú ni Màmá máa fi wò ó.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín fún ọmọ rẹ̀ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté. Ó nífẹ̀ẹ́ Aláago, Aláago sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mi ò ní fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, màámi," ni ọmọ wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíì."

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni bàbá ẹ," ni Màmá wí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bàbá ọmọ náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó, ó ń ronú. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ọkọ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló fi í sí etí òsì, tó ní kó rọra ṣe kí omi má ta sí i lára. Kò bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà. Kò sì bá ọkọ̀ kankan padà mọ́.

"Màámi, bàámi ló lọ. Gbogbo tẹ́ẹ́rẹ́ ayé kọ́ ló lọ."

Màmá ní kó lọ jókòó ti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Aláago náà gbìyànjú o. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jẹun bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ jẹ níyà, ara kọ̀. Ìgbà tí ara kọ̀ ló tó lọ wá tówẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn tí àṣírí tú, Màmá ní, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó tún ń purọ́," ó sì lé e lọ sí etí òsì, síbi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí gbẹ̀yìn. Ó gba ìrọ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó rẹwà ju ẹni tó gbé e wá lọ.

Ọdún kan kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ tún tẹ̀ sápá òsì.

"Màmá, ta ló ń purọ́ lónìí?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Ọwọ́ ọ̀tún àárín ni Màmá jókòó sí, níbi tó máa ń jókòó sí, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn nínú oòrùn gangan. Láti oṣù mélòó kan ni àìsàn ti ń mú un nínú, tí ẹran ara rẹ̀ ń lọ. Tí súwẹ́tà kan bá ti tóbi jù fún un, á wọ òmíràn lé e. Ẹ̀rù ń bà á pé tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ilé tó bá kúrò nínú ọkọ̀ yẹn.

Gbogbo ojú ti ń yí sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí Aláago dìde ní etí òsì. Ó rọra kọjá láàárín èrò, ó lọ jókòó ti Màmá. Ọkọ̀ padà sípò.

"Ẹ má bínú," ló wí, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Èmi náà ni. Ibi tí kò yẹ ni mo jókòó sí."

"A mọ̀!" ni àwọn èrò ké. "Onítówẹ́ẹ̀lì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Aláago náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Màmá wá yíjú, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Súwẹ́tà mélòó ni, mà?" ni Aláago béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Mẹ́rin."

"Ó máa gbóná."

"Ó gbóná, ọmọ mi. Ó gbóná gan-an ni."

"Dókítà yẹn máa ń wọ ọkọ̀ aago méjì. Màá bá yín lọ."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ó pẹ́ nílé ìwòsàn, Aláago ò sì yé lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, Aláago ti ń lọ sí etí òsì rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ! Ta ló ní kó o lọ síbẹ̀? Àárín ni kó o jókòó sí."

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì já tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà fún ẹni tó béèrè ẹyọ kan.

Ọdún mẹ́fà ni Màmá tún lò sí i láyé, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ló rí, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì dín. Nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè bóyá òun náà ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́, á ní, "Rọ̀bọ̀tọ̀ ni mí. Súwẹ́tà ni mo bọ́." Tí wọ́n bá sì mẹ́nu ba ọkọ ọmọ rẹ̀, á ní rọ̀bọ̀tọ̀ ni òun náà, ara rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Ọmọ rẹ̀ ló ń to èrò báyìí. Ojú ló kọ́kọ́ máa ń wò. Síbẹ̀, ọjọ́ mìíràn wà tí ọkọ̀ á tẹ̀ díẹ̀, tí ẹnì kan á sì ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹnì kan ń purọ́ nínú ọkọ̀ yìí!" Aláago á na ọwọ́ sókè láàárín, níbi tó gbé ọmọ rẹ̀ tó ń sùn lé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí olódòdó yẹn lábẹ́ orí rẹ̀. "Èmi ni o," ni yóò wí. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ sún síbẹ̀." Aláago á sì sún sọ́wọ́ ọ̀tún, síbi tí Màmá máa ń jókòó sí, ọkọ̀ á sì máa lọ.