Lùkúmọ̀n Aránṣọ àti Tòmátì Inú Agolo

Ọjọ́ tí Lùkúmọ̀n aránṣọ gbé tòmátì lọ sí ilé ìwòsàn ni gbogbo Parakou fi mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni. Ó gbé agolo òróró kan lé itan, tòmátì kan wà nínú rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti dorí kodò, ó sì jókòó sáàárín àwọn aláboyún àti àwọn tó ń wúkọ́. Nígbà tó kàn án, Ọlágbénró, ọmọ Kétu tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá, ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Èyí ni."

"Ènìyàn là ń tọ́jú níbí, Bàbá."

"Ṣé kì í mu omi ni? Àbí kì í yá oòrùn? Láti ìdájí la ti wà lórí ìlà. Ẹ wò ó fún mi, dókítà."

Ọlágbénró rí i pé bí òun bá ń jiyàn, àwọn tó kù ò ní ráyè wọlé. Ó ki ìka bọ agolo. Ẹrẹ̀ ni, ó sì ń rùn.

"Ẹ ò lu ìdí agolo yìí?"

"Ta ní í lu ìdí ohun tó fẹ́ bu omi sí?"

"Tòmátì yín ń kú sómi, Bàbá. Gbòǹgbò rẹ̀ ò rí ibi mí."

Lùkúmọ̀n ní àfi kó kọ ọ́ sínú ìwé, bó ti ń kọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ọlágbénró fa bébà, ó kọ ọ́: ihò mẹ́ta, ní ìdí. Lùkúmọ̀n ká a, ó fi í sínú fìlà, ó wá béèrè pé, "Ṣé kó tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

Ọjà Zongo ni ọ̀rọ̀ tòmátì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lùkúmọ̀n mọ ọjà ná ju bó ti mọ aṣọ rán lọ. Ó lè dúró ná ata títí ata yóò fi rọ. Lọ́jọ́ kan, ó sú Àràmọ́tù tó ń ta tòmátì.

"Bàbá aránṣọ, bí tèmi bá wọ́n, ẹ lọ gbin tiyín."

"N ó gbìn ín! Títí yóò fi so, tòmátì ò ní wọ ilé mi."

"Lórí ilẹ̀ wo? Àgbàlá tí adìyẹ méjì ò lè gba ara wọn kọjá!"

Òótọ́ ló sọ. Ilé tí Lùkúmọ̀n háyà ní Ladjifarani, sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀. Kò gbin nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ pàápàá, aránṣọ ni. Ṣùgbọ́n ó ti búra lójú ọjà. Ó kó agolo jọ, ó ru erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù wálé. Fún oṣù mẹ́rin, ọbẹ̀ tí kò ní tòmátì ni Mùfúlíátù ìyàwó rẹ̀ ń sè. Àwọn ọmọ ń wo ọbẹ̀, ọbẹ̀ ń wo àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn ìwé dókítà, kò sí ohun tí ìṣó Lùkúmọ̀n ò dá lu mọ́. Mùfúlíátù lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ṣábẹ̀. Nígbà tó dé, ó bá bàsíà tuntun rẹ̀, èyí tó ní òdòdó pupa, láàárín àgbàlá, erùpẹ̀ kún inú rẹ̀.

"Bàbá Ṣítù! Ta ló lu bàsíà mi?"

Ọkọ rẹ̀ ṣí fìlà, ó na bébà sí i. "Dókítà ló kọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mùfúlíátù ò fi bá a sọ̀rọ̀. Bàsíà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Bàsíà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀."

Bàsíà yẹn náà ló sì so. Mẹ́ta péré ni, wọn ò ju ẹyin ẹtù lọ. Lùkúmọ̀n wọ agbádá, ó kó wọn sínú àwo, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n, ó di ọ̀dọ̀ Àràmọ́tù. Èrò pé lé wọn lórí.

"Ìyá, eélòó lẹ ó rà á?"

"Fáráǹ márùn-ún."

"Márùn-ún? Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi rí kí èyí tó so?"

Àràmọ́tù rọra rẹ́rìn-ín. "Bàbá aránṣọ, ohun tí mo ti ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Níbo lẹ tiẹ̀ ti rí irúgbìn?"

Lùkúmọ̀n wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé inú tòmátì tí òun rà kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ lòun ti rí i.

"Ọmọ-ọmọ mi ni, nígbà náà," ni Àràmọ́tù wí. Ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ, kò sì sanwó. Láti ọjọ́ náà, Lùkúmọ̀n ò ná tòmátì mọ́. Ata nìkan ló kù tó ń ná.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú, nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ méjì. Agolo rẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n nígbà náà, àwọn ará àdúgbò Albarika pàápàá sì ti ń lu ìdí agolo tiwọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àràmọ́tù wá kí Mùfúlíátù. Ó wo àwọn agolo tó wà ní àgbàlá.

"Ta ọ̀kan fún mi nínú àwọn agolo yìí."

"Ẹ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, Ìyá."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Àbí o fẹ́ kó bínú sí mi ni? Dá iye lé e."

Mùfúlíátù dá owó gọbọi lé e. Àràmọ́tù figbe ta, ó káwọ́ lérí, ó ṣe bí ẹni ń lọ, ó padà, ó fi fáráǹ kan kún iye tóun fẹ́ san, gẹ́lẹ́ bí olóògbé ti máa ń ṣe. Àwọn tó wá kíni rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ògiri mú. Ibi tí wọ́n ti ń ná an ni Mùfúlíátù ti bú sẹ́kún. Àràmọ́tù fà á mọ́ra, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí iye tí wọ́n ti ná an dé.

Àràmọ́tù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ru agolo náà. Ó rìn láti Ladjifarani dé Zongo, tòmátì pupa mẹ́rin ń mì lórí rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé kì í ṣe títà.