Ègbè Oríkì Ọmọ Mi

Ohùn ara mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní kọ́rídọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ọmọ mi. Ọ̀sán Sátidé ni, mo gbé kúlà ìrẹsì dání, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì, kò sí ẹlẹ́mìí kankan níta. Mo wá gbọ́ obìnrin kan tó ń ki ọmọ. Mo dúró. Èmi ni obìnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Láti kékeré ni ọmọbìnrin mi ti máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, èmi náà á sì fi oríkì dá a lóhùn. Ilé wa ní Mitchellville, l'Amẹ́ríkà níbí, jìnnà sí ti aládùúgbò, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń lọ nílé ẹnìkejì, nítorí náà mo máa ń kì í sókè dáadáa, bí ìyá mi ṣe ń kì mí n'Íbàdàn. Nígbà tó wọ yunifásítì, tó lọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì náà sórí fóònù, mo ń fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láràárọ̀ kí n tó wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi gbà pé ọmọ tí wọn ò bá kì láàárọ̀, orí ẹ̀ ò tíì jí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Yàrá tó kángun sí ti ọmọ mi ni ohùn yẹn ti ń jáde. Ó ń falẹ̀, bíi ti ẹni tó lo oògùn oorun. Bí gbólóhùn kan bá ti parí, àwọn kan á ké hú, hú, hú, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo ìyá òpè. Nílé wa, bí wọ́n bá ń ki èèyàn, àwọn tó wà nítòsí máa ń gbè é. Mo ní, áà, àwọn ọmọ òyìnbó yìí ti ń gbọ́ mi lára ògiri tipẹ́, wọ́n ti wá ń gbè mí. Inú mi dùn débi pé mo kan ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọbìnrin méjì ló ṣí i. Mo ní èmi ni mo ni ohùn yẹn, mo ní ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fẹ́ràn ọmọ mi. Mo gbé ṣinṣín tí mo dín fún ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbà á. Ọ̀kan rọra dúpẹ́, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mi ò tíì gbẹ́sẹ̀ kejì tí mo tún gbọ́ ara mi lẹ́yìn mi.

Ọmọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀. "Mummy, kí lẹ fún wọn?"

Inú yàrá ló ti sọ fún mi. Ọjọ́ kan tó ń gbọ́ oríkì mi lórí fóònù, tó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ni wọ́n gba ohùn mi sílẹ̀, wọ́n sì mú kó máa falẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń kọjá, wọ́n á tan ohùn náà. Ó ń gbọ́ mi ní balùwẹ̀. Ó ń gbọ́ mi lórí àtẹ̀gùn tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. "Ọ̀bọ ni wọ́n ń ké yẹn, Mummy. Ọ̀bọ ni wọ́n ń pè mí."

A fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ yunifásítì. Ohun kan ṣoṣo lọmọ mi ń fẹ́: kí wọ́n kó àwọn ọmọ yẹn kúrò ní kọ́rídọ̀ náà, kí òun lè máa gbé ibẹ̀ kàwé.

Obìnrin tó ṣe alága ìgbẹ́jọ́ náà dúdú bíi tèmi, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó wù ú, bó tilẹ̀ burú létí. Ohun tí àwọn ń wò ni bóyá ó di ìhàlẹ̀. Èyí ò bí mi nínú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń kó èèyàn sí àtìmọ́lé ni mo ti wá. Ọkùnrin tó ń gbẹnu sọ fáwọn ọmọ náà ló wá kọjú sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Mà, ṣé lóòótọ́ lẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún fún wọn ní ìpápánu?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Nínú orin yín yẹn, ṣé wọ́n dárúkọ ẹranko?"

"Kì í ṣe orin."

"Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n dárúkọ ẹranko?"

Ọmọ erin. Ọmọ ẹkùn. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò lè purọ́. Mo ní wọ́n dárúkọ ẹranko.

Wọ́n wá tan ohùn náà kí ìgbìmọ̀ lè gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀, ẹnu mi pa dé, ohùn mi sì ń ki ọmọ mi láti inú fóònù wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Ẹ̀rín inú fóònù nìkan ló ń dún. Ọmọ mi ká èjìká méjèèjì sókè, bí ẹni tí òjò ń pa.

Ìdájọ́ wọn ni pé àwàdà tí kò dára ni, pé ìyá rẹ̀ pàápàá ò kà á sí ìhàlẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Kí àwọn ọmọ náà kọ àròkọ lórí ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni, ọmọ mi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun ló kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ilé ló ti ń wa mọ́tò lọ síléèwé báyìí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kìíní jáde, ó ń falẹ̀. Kí n tó mú èkejì, mo rí i pé mo ti ń retí ègbè. Mo wo ọmọ mi nílẹ̀. Ó ti ká èjìká sókè.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ kàn sọ pé good morning."

Mo sọ ọ́. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.