Omi tí a ó fi ṣan ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi tí mo ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó rì, mo padà sílé ní Iléṣà, n kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa òkun mọ́. Púlọ́ńbà ni mí. Mo jókòó ti iṣẹ́ mi, mò ń so páìpù fún àwọn onílé títí dé Ìbòkun. Nínú ìjọ wa, wọ́n dúpẹ́ pé ìjì ò gbé mi lọ, èmi náà sì bá wọn jó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí ìjì kankan lọ́jọ́ náà.

Àbúrò bàbá mi ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Ibẹ̀ ló ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́yàwó. Lásìkò ìjọba ológun, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tí yóò máa kó ẹrù létí òkun. Àbúrò mi ọkùnrin, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni wọ́n fẹ́ fi sínú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tó rà fún ọkọ̀ náà.

Nígbà tí mo dé, àwo náà wà láàárín pálọ̀, àbúrò mi jókòó lé e lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, "Wò ó, wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. A lè fi omi òkun ṣàn án, a sì lè fi omi mímu inú táńkì ṣàn án. Èwo ló dára?"

Mo ní, "Omi inú táńkì ni, sà. Omi òkun máa ń rà nínú páìpù, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ á sì jẹ irin."

Ìyá, ìyàwó Bàbá, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbójú sókè. "Omi mímu kẹ̀? Èmi tí mo tò sẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí títí oòrùn fi kan àtàrí, garawa kan ṣoṣo ni mo rí gbé délé. Irú omi yẹn lẹ fẹ́ fi lé ìgbẹ́ lọ, lórí òkun tí omi ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ! Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, iyán lẹ mọ̀. Ta ló rán yín lọ sókun?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ṣé nítorí òórùn lásán lẹ ṣe fẹ́ kí òùngbẹ pa wá?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí omi mímu bá tán níbi tí a kò ti rí ilẹ̀, kò sí kànga.

Bàbá ní, "Ó parí. Omi òkun ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí o so ó."

Mo wo àbúrò mi. Ó ṣì jókòó lórí àwo náà.

Mo ní, "Ihò ni."

"Ihò wo?"

"Bí a bá fẹ́ fa omi òkun, ihò gbọ́dọ̀ wà ní ìdí ọkọ̀ tí páìpù yóò gbà. Ihò yẹn ló rì wá."

Ìyá dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. "Ṣebí wọ́n ní ìjì ni?"

"Kò síjì, mà. Ọ̀sán gangan ni, òkun dákẹ́. Ẹnì kan lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì yí kọ́ọ̀kì tó ń sé omi padà. A sùn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, omi sì ń gba inú àwo wọlé. Àwa tí a jáde kò tó àwa tí a wọlé."

Bàbá mirí. "Omi kì í dédé gun òkè wọnú àwo."

"Àwo náà rẹlẹ̀ ju òkun ìta lọ, sà. Báwo lẹ ṣe ń fa bẹntiróòlù nínú mọ́tò yín?"

"Màá ki rọ́bà bọ táńkì, màá fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, màá wá ki ẹnu rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀..." Ó wá rọra sọ pé, "Á sì máa ṣàn fúnra rẹ̀, títí táńkì á fi gbẹ."

"Òkun ò ní gbẹ, sà."

Àbúrò mi dìde kúrò lórí àwo.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa nínú ilé yìí ńkọ́? Láti ìgbà wo ni omi ti jáde nínú páìpù rẹ̀? Ṣebí garawa la fi ń dà á. Ẹ gbé àwo yẹn sókè ọkọ̀, kó máa da tiẹ̀ sókun látòkè. Kí wọ́n so okùn mọ́ garawa, kí wọ́n máa fa omi òkun. Ẹnikẹ́ni ò ní lu ihò, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi omi mímu ṣòfò."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní, "Ihò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó tà á fún wa ló lù ú. Wọ́n á rí ẹnì kan dí i l'Ékòó."

"Èmi náà lè dí i," ni àbúrò mi wí.

Kò dí ihò ọkọ̀ rí. N kò mọ ìgbà tí mo ní, "Èmi ni màá lọ dí i."

Lórí iyanrìn etí òkun l'Ékòó ni mo ti bá ọkọ̀ náà. Mo fi igi líle dí ihò ọ̀hún, mo da ọ̀dà sí i, mo sì de irin mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í sómi, wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tí yóò wò ó bóyá ó ń jò. Mo wọlé. Mo gbọ́ tí omi ń lu ara pákó ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ojú ihò tí mo dí.

Àbúrò mi yọjú lẹ́nu ihò tí a ń gbà sọ̀kalẹ̀. "Bọ̀dá mi, ṣé ó ń jò?"

"Kò jò."

"Ẹ máa bọ̀ lókè nígbà náà."

Mo ní mò ń bọ̀. Ojú ibẹ̀ gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ọwọ́ mi kúrò.